Ìkíni Tó Ba Irin Jẹ́

Ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ àna kì í pa ènìyàn, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti kọ ebè iṣu rí. Èmi ti kọ ọ́. Ọjọ́ kan péré ni mo kọ ọ́, ní oko kan lẹ́bàá Goro, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ìyá mi ń fi òrí ra ìbàdí mi, tó sì ń bi Ọlọ́run pé irú ọmọkùnrin wo lòun bí. Láyé ìgbà yẹn, ayé òyìnbó Faransé, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ní agbègbè Tchaourou gbọ́dọ̀ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lọ́dọọdún, kí wọ́n lọ kọ ebè fún bàbá ọmọ náà, títí wọn yóò fi fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Bàbá ọmọ á jókòó sábẹ́ igi, á máa wo ìbàdí ẹni tó fẹ́ di àna rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Ìbàdí ló ń yẹ̀ wò.

Tèmi kò yege. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ẹgbẹ́ mi ti kọ ebè wọn dé ìsàlẹ̀ oko, èmi ṣì wà lókè tí mo fara ti ọkọ́, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń ronú.

Ajórin ni mí. Iná ni mo fi ń so irin pọ̀. Ní Parakou ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, tí inú rẹ̀ kì í dùn àfi tí nǹkan bá bàjẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún mi ní ẹnu iná kan tó ti gbó, èyí tí iná ajórin ń gbà jáde, awò dúdú kan tí ojú kan rẹ̀ ti sán, àti ìmọ̀ràn pé kí n dín ọ̀rọ̀ sísọ kù. Mo gba méjì nínú mẹ́ta. Mo kó ẹrù mi wọ ọkọ̀ ojú irin, mo sọ̀ ní Tchaourou, mo sì pa àgọ́ kan sí ẹ̀yìn ilé bàbá mi.

Ọjà Tchaourou ni mo ti rí ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ yìí. Iṣu bàbá rẹ̀ ló ń tà. Mo ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ títí bàbá mi fi bi mí bóyá ogun ni mo gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ó gbọ́n jù mí lọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo gbé ọkọ́. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní oko tí ẹsẹ̀ á ro ọ́ kí o tó rìn ín yí ká. Lẹ́yìn Ọlọ́run, ohun méjì ló fẹ́ràn jù láyé. Èkíní ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó fi ń gbé iṣu láti Goro wá sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tchaourou, àpò méjì lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ lórí àga kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú agbádá. Èkejì ni kí a máa kí i.

Ní ọdún tí ìbàdí mi dójú tì mí yẹn, ọrùn kẹ̀kẹ́ náà já. Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tó ti já, ó ní:

"Ìwọ tí o kò lè kọ ebè, wọ́n ní o máa ń fi iná so irin. So eléyìí. Bí ó bá gbé èmi àti àpò iṣu méjì dé Tchaourou, mo ti rí iṣẹ́ àna rẹ. Bí kò bá gbé mi, ọkùnrin kan wà ní Sanson tó ti ń wá síbí. Ìbàdí rẹ̀ dára púpọ̀."

"Dákọ̀, Bàbá," ni mo wí, bí òyìnbó mi ṣe máa ń sọ pé òun gbà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ti ará Sanson.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí, nítorí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó rò pé ẹnu mi ló kàn ń yún mi sí àgbàlagbà. Irin tó ti gbóná débi pé ó ń yọ́ kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan òun. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á hó, á ní ihò nínú, á sì dà bí àkàrà tó mu epo jù. Lójú, ó ti so pọ̀. Nínú, òfìfo ni. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ń so irin pọ̀ láyé yìí, dúdú àti funfun, ìbéèrè kan náà ló wà níwájú wọn: kí ni kí n fi bo irin yìí títí á fi dì?

Àbúrò bàbá mi jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ní ìdáhùn tirẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀gán ni. Á gún un kúnná, á kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́, á wọ́n ọn sórí irin tó ti pọ́n nínú èédú. Ilẹ̀ náà á yọ́, á tẹ́ bo irin, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Nígbà náà ni á gbé òòlù, á lu irin méjèèjì títí wọ́n á fi di ọ̀kan. Ọkọ́ tí ó bá so bẹ́ẹ̀ kì í já. Nígbà tó gbọ́ nípa kẹ̀kẹ́ náà, ó wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó fi ìka kan ìgò irin mi tó ga dé àyà rẹ̀.

"Kí ló wà nínú eléyìí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Tọ́ntọ́n." Bẹ́ẹ̀ là ń fi Faransé pe àbúrò bàbá.

"Afẹ́fẹ́. O ra afẹ́fẹ́."

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán, Tọ́ntọ́n. Èyí tó ń mú iná le ni. Láti Kútọnu ló ti wá."

Ó wo òkè, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbá ewé kiri. "Wọ́n di afẹ́fẹ́ sínú ìgò ní Kútọnu, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n wá tà á fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àárín ọyẹ́. Ọmọ mi, àwọn òyìnbó yìí á ta òjìji yín fún yín lọ́jọ́ kan."

Mo ní kó má bínú, ilẹ̀ ọ̀gán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọkọ́. Ọ̀pá tó di kẹ̀kẹ́ mú ṣófo nínú, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí a bá fi òòlù lù ú, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rò ó, ó ní bóyá òótọ́ ni, ó sì bọ́ sílé lọ jẹun. Alágbẹ̀dẹ tó bá gbà pé ohun kan wà tí òòlù kò lè ṣe, ènìyàn rere ni.

Ó wá ku gáàsì. Èyí tí mò ń lò, òkúta kábáìdì ló ń ti ara rẹ̀ jáde, òkúta eléérú kan náà tí àwọn ọdẹ ń rà sínú fìtílà tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí. Bí omi bá kán sí i, á máa hó, gáàsì á sì máa jáde. Mo fi àgbá karosíìnì ṣe ìkòkò rẹ̀, mo jẹ́ kí omi máa kán sí i láti òkè díẹ̀díẹ̀, mo fi rọ́bà fa gáàsì rẹ̀ wá sí ẹnu iná. Òórùn rẹ̀ burú. Ó ń rùn bí àlùbọ́sà tó jẹrà nínú bàtà. Aládùúgbò wa kan lọ fẹjọ́ mi sun bàbá mi pé mo fi òkú òbúkọ pa mọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí mo fi iná sí ẹnu rẹ̀ tó sì bú gbàù, kò sọ̀rọ̀ òbúkọ mọ́. Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sí òdìkejì ilé rẹ̀.

Gáàsì nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí á mú un jó kíkan. Afẹ́fẹ́ ìgò mi ti ń lọ sópin, òmíràn kò sì ní dé láti Kútọnu títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí Ọlọ́run bá fẹ́, bí ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin bá sì fẹ́. Ahun wọ̀ mí lára. Mo yá ẹwìrì àbúrò bàbá mi, mo ní kí n fi afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Iná náà pupa, ó rọ̀, ó ń rú èéfín dúdú. Mo fi jó irin kékeré kan wò, irin náà gbóná, ó wò mí, kò yọ́. Mo dá ẹwìrì padà fún onílé, mo sì ṣí ìgò.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ìwọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ ìgò bá pọ̀ jù, iná á máa súfèé, irin á máa ta pàràpàrà, á jó dànù. Bí gáàsì kábáìdì bá pọ̀ jù, irin á le, á sì máa ṣẹ́ bí ìpékeré. Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba, eyín funfun kékeré kan á wà láàárín iná náà, aṣọ búlúù á sì wà lóde rẹ̀. Aṣọ búlúù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òun ló ń bo irin. Ibi tí aṣọ náà bá ti kúrò lórí irin kó tó dì, afẹ́fẹ́ ti wọlé, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Òyìnbó mi ní Parakou máa ń sọ pé tí ilé bá ń jó lẹ́yìn ajórin, kó parí ojú irin rẹ̀ ná. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó yẹn kò ní àna ní Goro.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo mú láti ṣe iṣẹ́ náà. Òmùgọ̀ ni mí. Gbogbo ayé mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá ọmọ máa ń wá kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá ní Tchaourou, ọ̀nà ilé wa ló sì máa ń gbà padà.

Mo jó o dé ìdajì, ó sì dára. Irin náà ń yọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń dì lẹ́yìn iná mi ní ìpele ìpele bí ìpẹ́ ẹja. Mo ń kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi:

"Sàláámù aleekun."

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wá ìyàwó ní ìlú wa, ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún un pé kó dúró díẹ̀. Ẹ dákun. Ẹni tó ń wá ìyàwó kì í nàró kí bàbá ìyàwó. Kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i. Kì í kọ ẹ̀yìn sí i kí i. Ibikíbi tó bá ti rí i, ní ọjà, lẹ́bàá ojú irin, nínú ẹrẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kó sì wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó dìde. Àlùfáà wa máa ń wàásù lòdì sí i, ó ní Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Ojú mi báyìí ni mo sì fi rí ẹni tó ń wá ọmọ Àlùfáà níyàwó, tó nà sínú eruku níwájú ilé Àlùfáà, tí Àlùfáà ń bi í léèrè àlàáfíà ìyá ìyá rẹ̀.

Mo gbé iná kúrò lójú irin. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo na ọwọ́ tí iná wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà jó koríko àgọ́.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, Bàbá."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Àwọn ará ilé? Ọyẹ́ yìí ńkọ́?"

"À ń bá a yí, Bàbá."

"Ìbàdí rẹ ńkọ́?"

Ó dúró de ìdáhùn. Àwọn tó ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀ ti ń dúró lọ́nà láti wò wá, ó sì rí wọn. Mo sọ fún un pé ó ti ń yá. Ó ní Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn. Ó ní kí n dìde. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ibi tí irin ti ń yọ́ ti dúdú, awọ eérú ti bò ó. Mo tún gbé iná lé e, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo tún gbọ́ ọ. Ó ti gbàgbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sórí àpótí mi. Mo tún gbé iná kúrò. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó tún bi mí nípa bàbá mi, tí kò tíì kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n fi fáìlì rin gbogbo rẹ̀ dànù, kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò mi ń tán lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ tán lọ́wọ́ mi, kí ará Sanson gbé ọkọ́ rẹ̀ wọlé. Mo rin òkè rẹ̀ kó dán, mo kun ún ní ọ̀dà dúdú. Ó dára lójú débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ fún bàbá ọmọ, ó fi ọwọ́ ra ọrùn rẹ̀, ó ní mo káre. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ wọ àgọ́ mi lọ́sàn-án gangan. Ìdajì kẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀, ó ń wọ́ ìdajì kejì lọ́wọ́. Kò kí mi. Ó sọ méjèèjì kalẹ̀ níwájú mi, ó ní:

"Wò ó. Ibi gbogbo dì mú. Ibí àti ibí yìí nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kí ló ṣe ibí?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ihò ló kún inú rẹ̀.

"Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti bi mí nípa ìbàdí mi."

"Èkejì yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ló ti padà wá mú tẹ̀sùbáà."

Ó wò mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán bí irin ṣe rí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú èédú pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó mọ́. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó dákẹ́.

"O mọ̀ kó tó gùn ún?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ọ̀dà kúrò lára irin náà.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà," ó ní. "Ó dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ya méjì, ó fi orúnkún gbá òkúta, iṣu dà lé e lórí. Mo rò pé ó ti kú. O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ojú tì mí ju ti ọjọ́ ebè lọ. Ìbàdí ló ṣe ìyẹn. Èyí, èmi ni mo ṣe é.

"Lọ sọ fún un," ó ní.

"Kí n lọ sọ fún bàbá rẹ pé ìkíni rẹ̀ ló ba kẹ̀kẹ́ jẹ́?"

"Kí o sọ fún un pé o mọ̀, o sì dákẹ́. Ti ìkíni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín." Ó dìde, ó gbọn èédú kúrò lára. "Ará Sanson yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí o kò bá lọ, wọ́n á fún un, màá sì bá a lọ. Màá sunkún, ṣùgbọ́n màá lọ."

Mo lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìrìn náà dé Goro, nítorí ta ni á yá mi ní kẹ̀kẹ́? Bàbá jókòó níwájú ilé rẹ̀, ewé wà lórí orúnkún rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì, àwọn àgbà méjì jókòó tì í, wọ́n ń jẹ obì. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ pé irin náà kò dára, mo sì fi ọ̀dà bò ó. Ìyẹn ló ṣòro. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ ti ìkíni. Ìyẹn ló léwu.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé obì mì. "Sùbùhánáláì! Ó ní ìkíni ló bà á jẹ́! A kí ọmọ, ọmọ ní a ba irin òun jẹ́!"

"Irin náà kò lè dúró?" bàbá ọmọ bi mí. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Kò lè dúró, Bàbá. Irin gbígbóná kò mọ àna."

"Bí ó bá jẹ́ pé àlejò lásán ni mí ńkọ́?"

"Ǹ bá ní kí ẹ dúró, Bàbá. Ẹ̀yin ni mi ò lè ní kí ẹ dúró."

Mo ṣì wà nílẹ̀, nítorí kò ní kí n dìde, ìyanrìn sì ti ń wọ ẹnu mi. Mo wá rò ó pé kò sí ohun tó tún ṣẹ́kù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi, mo sì sọ ọ́ jáde. Mo ní kó jẹ́ kí n tún un jó. Mo ní kó wá jókòó tì mí kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo ní ṣùgbọ́n bí ó bá wá, mi ò ní kí i. Mi ò ní gbójú sókè. Títí irin á fi dì.

Àgbà kejì dìde, ó ní òun kò lè jókòó gbọ́ irú èyí, ó sì tún jókòó kó má baà pàdánù ìyókù rẹ̀.

"Mo máa wá," bàbá ọmọ wí. "Mo fẹ́ rí ẹni tí kò ní kí mi."

Àbúrò bàbá mi bá mi rin ojú ibi tó já náà títí irin funfun fi yọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀ràn náà burú. Ó kan ìgò mi lábẹ́, ó tẹ́tí sí i, ó ní bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tó jó ọrùn kẹ̀kẹ́ kan, kò ní tó jó méjì. Mo mọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kò yí padà.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀la ni Jímọ̀ tí ará Sanson ń bọ̀. Ọyẹ́ fẹ́ láti àárọ̀. Mo fi ẹní dí ẹ̀gbẹ́ kan àgọ́, mo dá iná, mo wọn gáàsì àti afẹ́fẹ́ títí eyín funfun fi yọ, tí aṣọ búlúù sì wọ̀ ọ́ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Mo ti dé ibi ìdajì tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Sàláámù aleekun," bàbá ọmọ wí.

Ara mi fẹ́ wólẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó rántí. Mo fi eyín di eyín, mo tẹjú mọ́ irin. Mo gbọ́ tí àpótí dún bí ó ṣe jókòó. Mo gbọ́ àwọn àgbà méjèèjì. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá mi, ó ń bú ìdílé wa lọ sókè, ó ní òun ti mọ̀ pé irú wa kì í kí ènìyàn láti ìgbà bàbá bàbá wa. Irọ́ ni. Bàbá bàbá mi kí gbogbo ayé títí wọ́n fi ń sá fún un. Mi ò lè fèsì.

Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ fẹ́ já ẹní mi sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọlé tààrà. Aṣọ búlúù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ya, irin bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà lójú mi. Ọwọ́ kan mi di iná mú, ìkejì di wáyà tí mò ń yọ́ sí i. Bí mo bá gbé e kúrò, ó parí. Bí mo bá fi í síbẹ̀, ó ń jó dànù. Ẹ̀rù bà mí débi pé omi bọ́ lójú mi nínú awò dúdú náà, kì í ṣe ti èéfín. Mo gbọ́ tí àpótí tún dún. Ó ti dìde. Mo rò ó pé ó ń lọ nìyẹn, ó ti rí i tó, ó ń lọ múra de ará Sanson.

Afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró.

Iná mi nàró. Aṣọ rẹ̀ padà bo irin. Mi ò gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo rí etí agbádá funfun kan ní apá òsì mi. Bàbá ọmọ na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi agbádá náà dí ojú ọyẹ́. Ọyẹ́ gba abẹ́ agbádá, bàbá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ó tún gba abẹ́ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó fi orúnkún kúnlẹ̀ sínú èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èyí tó fi gbá òkúta pẹ̀lú, ó di ojú rẹ̀ nítorí iná, ó sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìtapàrà irin ń bọ́ sára agbádá náà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń jó aṣọ. Kò mira. Àgbà tó ń bú ìdílé mi ti dákẹ́.

Mo jó o yípo títí dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ lè wà lórí irin títí pípọ́n á fi kúrò. Bí mo ṣe pa á ni ìgò mi súfèé, ó sì dákẹ́.

Mo ju awò dúdú sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Òun náà ṣì wà ní ìkúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ láti gbé e. Ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn nínú èédú.

"Ṣé irin ti dì?"

"Ó ti dì, Bàbá."

"Ó yá, kí mi wàyí."

Mo kí i. Mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè oko, mo bi í léèrè orúnkún. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Lẹ́yìn náà, èmi àti àwọn àgbà méjèèjì gbé e dìde. Kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ, kò sọ nǹkan kan nípa ará Sanson. Ó dúró kí irin tutù dáadáa, a sì to kẹ̀kẹ́ náà pọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àpò iṣu méjì tí òun kó wá sí ọjà, tí wọn kò tíì tà, sẹ́yìn rẹ̀. Ó gùn ún, ẹsẹ̀ tó yá ló fi ń wà á, ó sì kọjú sí Goro nínú ọyẹ́. Èmi dúró lójú ọ̀nà, mò ń wò ó títí mi ò fi rí i mọ́. Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọ rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní gbogbo wọn wà níta nígbà tó dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fara balẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Ìyá ọmọ náà rí agbádá, ó kígbe, ó ka ihò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka, ó ní ta ló jó aṣọ yín báyìí?

"Àna wa ni," bàbá rẹ̀ wí, ó sì wọlé lọ ṣe àlùwàlá.